Ojú Lará Lára Ògiri Òyìnbó

Hamburg,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òógùn ojú, ẹ kú ìmúra àwẹ̀. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Òtútù ṣì ń mú níbí, ṣùgbọ́n kò tó ti oṣù tó kọjá, ara mi sì dá. Muheez tó ń kó tẹlifíṣọ̀n àlòkù wá sí Àlàbá ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe máa ń ṣe lórí fóònù, a kì í sọ̀rọ̀ dé ìdí kí ọ̀kan nínú wa tó gé e mọ́ ìkejì lẹ́nu. Ó ní òun yóò dé Èkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bàbá mi, inú mi dùn. Ẹ rántí ayàwòrán tí ẹgbẹ́ aláàánú tí mo ń bá ṣiṣẹ́ rán wá sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, ọkùnrin gíga onírùngbọ̀n tí ẹ mú káàkiri Àlàbá. Àwọn fọ́tò rẹ̀ ti jáde. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ńlá kan fún wọn láàárín ìlú. Ẹ mọ obìnrin tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó wọ ọjà, tó ń tú fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n tó ti kú kó lè rí kọ́pà inú wọn tà, èyí tí ẹ̀rọ ẹ̀yìn fíríìjì bú gbàù mọ́ lójú lọ́sẹ̀ tí ayàwòrán wa dé. Fọ́tò tirẹ̀ ló tóbi jù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láti ilẹ̀ dé òrùlé, ó ga tó ilé. Ojú kan là, èkejì wú, ó pọ́n kuku, èéfín dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá, àwọn èèyàn sunkún. Obìnrin kan tó jẹ́ adájọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye lára, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n kú fún. Mo fara ti ògiri, mo ń dúpẹ́ pé mo wà lára àwọn tó ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, ẹ má bínú. Nígbà tí mo wà nílé, mo rò pé báyìí ni ayé ṣe rí: kálukú ń sáré oúnjẹ òòjọ́, ẹni tó bá ṣubú, ká fò ó kọjá. Ojú mi ló ṣe ní Àlàbá tí alábàárù ṣubú pẹ̀lú fíríìjì lórí, tí ẹni tó ni ẹrù kọ́kọ́ yẹ fíríìjì wò kó tó wo ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Níbí, mo rí àwọn tí kò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ìlú Ọjọ́ tí Àlàbá wà lórí àwòrán ayé, tí omi ń bọ́ lójú wọn nítorí obìnrin Ọjọ́. Èmi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú àánú bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹgbẹ́ wa fẹ́ fi fọ́tò náà sínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi obìnrin náà ní orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti iye ọmọ tó bí. Ẹ sì sọ fún un pé gbogbo Hamburg ló ń bá a dárò.

Ẹ bá mi kí Màmá púpọ̀.

Èmi ọmọ yín,
Bàrákátù.


Iba,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Bàrákátù, Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Mo kí ọ. Àlàáfíà la wà. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ó ní kí o máa jẹ sáárì dáadáa kí o tó jáde sínú òtútù. Ó tún ní kí o bá òun wá ìpara orúnkún, èyí tó wà nínú ike pupa. Muheez mú lẹ́tà rẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì àwẹ̀. Mo kà á, mo tún un kà. Ó pẹ́ kí n tó fèsì, nítorí pé irú ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu kì í ṣe èyí tí aláàwẹ̀ ń sọ.

Ẹ kú iṣẹ́ ẹkún o. Bá mi kí adájọ́ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣé ó ti dìde? Ṣé ó rí ẹni gbá eruku ìdí aṣọ rẹ̀ dànù?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Àlàbá. Tí mo bá da ojú ọ̀kan délẹ̀, mo máa ń rí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ ìlú tí o wà yẹn, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni mo ti mọ̀ ọ́n kà kí wọ́n tó bí ọ. Èyí tó ti kú pátápátá ni wọ́n máa ń tò sísàlẹ̀ kóńténà, wọ́n á wá fi èyí tó ṣì ń mí bò ó lórí. Wọn ò fẹ́ sin òkú wọn sílé wọn. Fíríìjì tó bú mọ́ obìnrin yẹn lójú, ilé ẹnì kan lọ́hùn-ún ló ti wá. Ó lè jẹ́ ilé adájọ́ rẹ. Ó fi mú wàrà rẹ̀ tutù fún ọdún mẹ́wàá, ó sú u, ó jù ú nù. Nígbà tó wá bú mọ́ ẹlòmíràn lójú, ó ra aṣọ, ó wọ̀ ọ́, ó lọ wo fọ́tò, ó sunkún. Ẹkún ẹni tó yó nìyẹn. Ẹni tó bá sun ún máa ń sùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀.

O ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ayàwòrán yín wá. Èmi ni mo wà níbẹ̀, jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún ọ. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi ìbòmú bo imú nítorí èéfín. Ẹyọ kan ló mú wá, tirẹ̀. Obìnrin náà ti fi aṣọ funfun di ojú tó fara pa, ọkùnrin náà ní kó tú u. Obìnrin náà ní ìmọ́lẹ̀ ń gún òun. Mo ṣe ògbufọ̀, ọkùnrin yẹn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di wákàtí kan. Kó wo ìhín, kó wo ọ̀hún, kó gbé àgbọ̀n sókè. Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń yà wọ́n ní fọ́tò, ọkùnrin náà ní kó má rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó fún un ní omi inú ọ̀rá kan, ó yí padà, ó mú oògùn apakòkòrò jáde nínú àpò, ó fi pa ọwọ́ tó fi bọ̀ ọ́. Ó wá bi mí ibi tí òun ti lè rí ẹja yíyan tó dáa.

Àwọn aláàánú rẹ nìyẹn.

O ní kí n lọ bèèrè orúkọ. Mi ò lọ. Èmi kì í ṣe ìránṣẹ́ àwọn elékún. Tí wọ́n bá fẹ́ orúkọ, kí wọ́n wọ bàálù wá bèèrè. Ní ti pé a máa ń fo ẹni tó ṣubú kọjá ní Àlàbá, òótọ́ ni, a máa ń fò ó nítorí pé a ní ibi tí à ń lọ. A kì í dúró yà á ní fọ́tò ká lọ gbé e kọ́ sára ògiri.

Má gbàgbé ìpara ìyá rẹ.

Èmi bàbá rẹ,
Àkànní.


Hamburg,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ láyé. Muheez á fún yín ní ìpara Màmá, ike méjì ni.

Lẹ́tà yín dùn mí, mi ò ní purọ́. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti kà á, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á ya. Mo lọ bá ayàwòrán yẹn, mo bi í nípa aṣọ tó ní kí obìnrin náà tú kúrò lójú. Ó ní òun ò rántí. Kò wò mí lójú nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ fíríìjì náà, òótọ́ ni.

Ó ku tiyín. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín sí ibi tí obìnrin yẹn ń jókòó, kò ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ. Mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà tó dé síbẹ̀, iwájú rẹ̀ ni mo máa ń gbà gbé oúnjẹ ọ̀sán yín kọjá. Tí tẹlifíṣọ̀n kan bá ti kọjá àtúnṣe, ẹ máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé, "Ẹ gbé e fún Ìyá Kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù," gbogbo ṣọ́ọ̀bù á sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Irin tó ti bàjẹ́ tí kò wúlò mọ́ là ń pè ní kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, òun la fi sọ èèyàn lórúkọ. Nínú gbogbo lẹ́tà yín gígùn yẹn, ẹ bú adájọ́, ẹ bú ayàwòrán, ẹ bú ìlú Hamburg látòkè délẹ̀. Obìnrin tí ẹ ní ẹ̀ ń jà fún, "obìnrin yẹn" lẹ̀ ń pè é ṣáá. Ẹ ní ẹ ò lọ bèèrè orúkọ nítorí ẹ kì í ṣe ìránṣẹ́ elékún. Bàbá mi, ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ ni, ojú sì ń tì yín láti bèèrè lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá.

Ẹ tún rántí ìgbà tí omi gbé ilé lọ ní orílẹ̀-èdè kan lókè òkun, tí lèmọ́ọ̀mù ní ká mú aṣọ wá ká fi ránṣẹ́. Ẹ dìde ní mọ́ṣáláṣí, ẹ ní, "Àwọn wo nìyẹn? Ta ló mọ̀ wọ́n?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó mú aṣọ wá mọ́. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rò pé ọgbọ́n lẹ sọ. Mo ti dàgbà báyìí. Ẹni tí kò bìkítà fún ará ọ̀nà jíjìn nítorí pé kò mọ̀ ọ́n, kò bìkítà fún ẹni tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà, ó kàn rí ọ̀nà jíjìn fi ṣe àwáwí ni. Ẹkún àwọn tibí lè jẹ́ ẹkún èké. Ẹ̀yin ńkọ́, èwo lẹ sun?

Ẹ máa bínú. Ẹ bínú, àmọ́ ẹ lọ bi í ní orúkọ.

Èmi ni,
Bàrákátù.


Iba,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 2024.

Bàrákátù,

Ìpara dé. Ìyá rẹ dúpẹ́, ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú.

Lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà rẹ, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi bá èèyàn sọ̀rọ̀ kí ó dùn. Mo ń wí nínú ara mi pé ọmọ tí mo bí, tí mo fi iná òjé àti èéfín tọ́, ló ń fi mí wé oníkámẹ́rà. Ìyá rẹ ní kí ló dé. Mo nawọ́ lẹ́tà náà sí i. Ó kà á tán, ó ká a, ó dá a padà, ó wọ yàrá lọ. Ìyẹn ló bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Mo wá lọ. Má rò pé àánú ló gbé mi lọ. Mo fẹ́ gba orúkọ náà kí n lè fi pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Mo dé ibẹ̀, ibi tó máa ń jókòó ṣófo. Ará Ègùn kan tó ń ra bátìrì àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kò wá mọ́ láti àárín àwẹ̀. Ó ti ń lọ sí oṣù méjì, ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ sí mi, mi ò sì ṣàkíyèsí. Ó júwe ilé rẹ̀ fún mi ní Okokomaiko, lẹ́yìn ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń yí padà, ilé gbọọrọ kan tó ní yàrá mẹ́jọ. Àgbàlá ni mo ti bá a, lórí àga ike, ó kẹ̀yìn sí oòrùn, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ń fi ìka wá òkúta inú rẹ̀.

Mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó ní òun mọ ohùn mi. Mo ní mo wá bi í ní orúkọ. Ó ṣa ẹ̀wà títí, mo rò pé kò gbọ́.

"Alhaji, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní àwọn kan ní Jámánì fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó ní Lará ni orúkọ òun. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ìyẹn sì wà nílé ọkọ ní Ìpókíá. Ó ní ọdún kọkànlá rèé tí òun ti ń gba òkú tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ mi. Ó ní òun mọ orúkọ mi, òun mọ orúkọ rẹ, òun tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí o wọ bàálù, nítorí pé a pa àgbò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, a pín in dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta fáànù lódìkejì, kò kan òun. Bí ẹni ń ka ẹrù inú kóńténà ló ṣe ń kà á, kò gbé ohùn sókè. Mo ń retí kó sunkún kí n lè mọ ohun tí màá sọ. Kò sun.

Ó tún bi mí bóyá èmi kọ́ ni mo gbé pátákó funfun dání lọ́jọ́ fọ́tò. Bàrákátù, mi ò kọ èyí sí ọ nígbà tí mò ń bú wọn. Ayàwòrán yín ní pátákó funfun kan tó máa ń da oòrùn sójú ẹni tí wọ́n ń yà. Èmi ni mo bá a gbé e. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gún obìnrin náà lójú, ọwọ́ mi ló ti ń wá. Mò ń gbé e sókè, mò ń gbé e wálẹ̀ bí òyìnbó ṣe ń júwe, ó ń yìn mí, inú mi sì ń dùn.

Mo sọ fún Lará pé fọ́tò rẹ̀ ga tó ilé níbẹ̀, pé àwọn èèyàn ń ṣàánú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, kò sì dùn ún gbọ́. Ó ní kí n mú bébà, òun ní ọ̀rọ̀ fún wọn. Ohun tó sọ ni mo kọ. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bó ṣe rí, má fi ṣúgà sí i.

O ti gba orúkọ báyìí. Ó kù kí o sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe.

Àkànní.


Okokomaiko,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 2024.

Ẹ̀yin ará Hamburg,

Mo kí yín. Èmi ni mo wà lára ògiri yín. Wọ́n ní mo ga tó ilé lọ́dọ̀ yín. Níbí, tí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, orí mi ò kan àtẹ́rígbà.

Wọ́n ní ẹ̀ ń sunkún nítorí mi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹ máa ń ṣe tí ẹ bá sun ún tán. Ṣé ilé lẹ máa ń lọ? Èmi náà ti sunkún àjèjì rí. Rédíò sọ pé ilé wó lu àwọn ọmọ ilé ìwé níbì kan tí mi ò mọ̀. Mo sunkún gan-an. Ìrẹsì ń bẹ lórí iná, ó jinná, mo bù ú jẹ, ó sì dùn. Nítorí náà ẹ ò lè fi ẹkún tàn mí jẹ. Mo mọ bó ṣe ń rí.

Ojú tí ẹ̀ ń wò yẹn kì í ṣe ojú mi. Ojú ọjọ́ kan ni, ọjọ́ náà sì ni mo burẹ́wà jù láyé mi. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín kí fọ́tò lè dáa, wọ́n ní kí n má rẹ́rìn-ín. Tí mo bá pàdé yín lójú títì ìlú yín lọ́la tí mò ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò ní mọ̀ mí, ẹ máa di báàgì yín mú dáadáa.

Ẹ yọ mí kúrò lára ògiri. Tí nǹkan bá wà tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ yéé kó òkú fíríìjì yín wá bá wa. Tí ìyẹn bá le jù fún yín, ẹ má ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ yọ mí.

Èmi,
Lará.


Hamburg,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìmúra Iléyá. Ẹ kú ìrìn Okokomaiko. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí èdè tí mo lò sí yín. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ ọ́ bí ọmọ.

Mo túmọ̀ lẹ́tà Lará, mi ò fi ṣúgà sí i. Mo tọrọ àyè láti kà á ní gbọ̀ngàn níwájú fọ́tò náà, wọ́n gbà. Àná, ọjọ́ Sátidé, ni. Èèyàn tó igba, wọ́n wọ aṣọ dúdú bí ẹni lọ síbi òkú, wọ́n mú ife ọtí dání. Nígbà tí mo dé ibi tó ti ní "ẹ yọ mí", mo gbójú sókè. Gbogbo wọn ti dorí kodò. Mo ní nínú ọkàn mi pé ojú ti tì wọ́n.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá mi, wọ́n dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Adájọ́ yẹn gbá mi mọ́ra, ó ní òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà náà gàdàgbà gàdàgbà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ fọ́tò. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ó ní kí ẹ yọ òun." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọni lára. Lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ń gbé fọ́tò náà lọ sí ìlú mìíràn, òun àti lẹ́tà rẹ̀.

Mo ti fẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo jókòó síwájú bébà láàárọ̀ yìí, mi ò tíì kọ nǹkan kan. Orúkọ wọn ni mo fi gba ilé tí mò ń gbé, òun ni mo fi gba ìwé ìgbélùú. Ẹ wò ó, èmi tí mò ń bú yín.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí mò ń jáde. Bàbá arúgbó kan wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà tó máa ń gba kóòtù àti agboòrùn lọ́wọ́ àlejò. Kò sí lára àwọn tó wọlé wá gbọ́ lẹ́tà, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ó fún mi ní agboòrùn mi, ó wá bi mí pé:

"Ojú náà ńkọ́? Ṣé ó fi ń ríran?"

Bàbá mi, mi ò mọ̀. Mo bèèrè orúkọ, mo bèèrè ọjọ́ orí, mo bèèrè iye ọmọ. Nígbà tí mo délé, mo kó gbogbo lẹ́tà yín jáde, mo kà wọ́n láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, mo wá ibi tí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ti bèèrè bóyá ojú obìnrin náà ń sàn. Kò sí níbẹ̀. Láti oṣù kẹta.

Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ yìí, fóònù yín kò lọ. Muheez ń gbéra lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ojú Lará ńkọ́?

Èmi ọmọ yín,
Bàrákátù.


Iba,
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Bàrákátù ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Fóònù mi ti bàjẹ́ láti ìparí oṣù karùn-ún, èmi tí mò ń tún ti ẹlòmíràn ṣe. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Muheez tó mú lẹ́tà rẹ wá.

Lọ́jọ́ Iléyá gan-an, mo gbé ẹran lọ bá Lará. Itan odidi ni, ní gbangba, kí gbogbo ilé alágbàlá yẹn lè rí mi. Mo nawọ́ rẹ̀ sí i, ó nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹran fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Mo rò pé ó ń bínú sí mi ni. Mo fi í sórí àga, mo bá tèmi lọ, mo sì sọ fún ìyá rẹ nígbà tí mo délé pé obìnrin náà ní ìgbéraga.

Nígbà tí mo ka ìbéèrè bàbá tó ń gba kóòtù, mo jókòó. Mo padà sí Okokomaiko lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo bi í bóyá ojú yẹn ń ríran.

Ó ní, "Rárá. Èkejì náà ti ń ṣú."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi ní gbogbo ìgbà tí mo wá. Ó ní, "Ẹ ò bi mí. Orúkọ lẹ wá bi mí."

Ó ní lẹ́yìn tó bú mọ́ òun, oògùn kan tí wọ́n ń kán sójú ni òun rà ní ilé oògùn, ìrora náà dẹwọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún dé. Nígbà tó fẹ́ lọ sí ọsibítù, ó ti di pé kò lè dá títì Bádágírì sọdá. Ó dúró létí títì lẹ́ẹ̀mejì, ó ń gbọ́ ariwo ọkọ̀, kò mọ èyí tó jìnnà, kò mọ èyí tó sún mọ́. Ó padà sílé. Mo bi í pé ṣé kò sẹ́ni tó lè fà á lọ́wọ́ sọdá ni. Ó ní àwọn èèyàn pọ̀ níbẹ̀ o.

Mo sọ fún un pé o ka lẹ́tà rẹ̀ fún wọn, pé wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó rò ó díẹ̀, ó bi mí pé, "Ta ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún?" Mi ò mọ̀. Tí o bá mọ̀, kọ ọ́ sí mi.

Mo gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kéré sí ọ lọ́jọ́ orí. Ó fi iná tọ́ọ̀ṣì kékeré yọjú sínú rẹ̀ títí, ó ní ojú náà ti kú, ó ti jẹrà nínú, òun ló sì ń fa èkejì lọ. Wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n ń tọ́jú èyí tó kù, wọn ò tíì mọ̀ bóyá yóò dúró. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti dé láti Ìpókíá. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì wò láàárọ̀ àná, Lará ní òun rí fèrèsé, ṣùgbọ́n òun ò rí irin tó wà lára rẹ̀.

Dókítà yẹn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ká ní wọ́n mú un wá kí oṣù kẹta tó parí ni, ojú méjèèjì ni ì bá fi máa wò wá. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ni mo kọ lẹ́tà tí mo fi bú adájọ́. Mo rántí bí mo ṣe fara balẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tó máa dun ún. Mo rántí pé ó dùn mọ́ mi. Ojú Lará ṣì ń bẹ láàyè lọ́jọ́ náà.

Dókítà náà ní kí ni mo jẹ́ sí obìnrin náà. Mo ní a jọ wà ní Àlàbá ni, ó ti tó ọdún mọ́kànlá. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí a ṣe ń wo nǹkan tí wọ́n fẹ́ tà fún wa gẹ́gẹ́ bí tuntun.

Ó ní, "Bàbá, níbo lẹ wà láti oṣù kẹta?"

Ohun tó wà lẹ́nu mi ni pé mò ń kọ lẹ́tà.

Èmi bàbá rẹ,
Àkànní.